Má Fi Iná Sí Kànga Ẹnìkejì Rẹ: Ẹ̀kọ́ Òwò Láti Inú Eré Kọ̀ǹpútà Kan

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwa ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi àpèjọ ọdún kẹwàá, ní Ìjẹ̀bú-Òde

  Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò sí níbí lónìí, Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Àwa tí a kù, a ó jọ ṣe ogún ọdún láyọ̀.

Nígbà tí Akọ̀wé pè mí lórí fóònù, ó ní ìgbìmọ̀ fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí òwò àjọṣe, pé báwo ni ẹgbẹ́ ṣe lè fi owó wá owó. Mo bi í pé ṣé kò sí òṣìṣẹ́ báǹkì láàárín wa mọ́ ni. Ó ní wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ló sọ̀rọ̀ ní ọdún karùn-ún, gbogbo ilé ló sì sùn. Mo ní ó dáa, èmi yóò sọ ohun tí kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn.

Gbogbo wa la mọ ìdí tí wọ́n fi yan àkòrí yìí. Owó wà nínú àpò ẹgbẹ́. Àbá sì wà nílẹ̀ pé ká fi dá ibùdó ìta gáàsì ìdáná sílẹ̀. Ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ la máa dìbò lé e lórí. Mo ní èrò tèmi, ẹ ó sì gbọ́ ọ kí n tó jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wọlé. Eré kan ni mo fẹ́ sọ fún yín, eré orí kọ̀ǹpútà tí mẹ́rin nínú wa jọ ta nígbà tí irun wa ṣì dúdú.

Bí a ṣe di olówó epo ní 1993

Ẹ rántí ọdún 1993. Wọ́n ti dìbò June 12, wọ́n sì ti fagi lé e. Àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì, àwa tí a wà ní ilé ìwé gíga padà wálé wá jókòó ti ìyá wa. Iṣẹ́ kò sí, owó kò sí. Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa ti Jámánì dé, ó gbé kọ̀ǹpútà kan bọ̀, ó sì tò ó sí yàrá ẹ̀yìn ilé bàbá wọn ní ìsàlẹ̀ ìlú. Inú àwọn díìsì tó kó dé ni eré kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Oil Imperium.

Iléeṣẹ́ kan ní Jámánì tó ń jẹ́ reLINE ló ṣe eré yìí jáde ní 1989. Ó wà fún Commodore 64, fún Amiga, fún Atari ST àti fún àwọn kọ̀ǹpútà tó ń lo DOS. Eré òwò ni. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sí bọ́ọ̀lù. Olówó epo ni ìwọ tó ń ta á, o ní ọ́fíìsì, o ní tábìlì, o ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, ayé sì wà níwájú rẹ kí o wá epo nínú rẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin ló lè ta á pọ̀. Àwa mẹ́rin náà la sì ń kóra jọ síbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó pa wá lẹ́rìn-ín nígbà náà. Ọ̀wọ́n epo bẹntiróòlù wà níta, ènìyàn ń sun ilé epo. Iná NEPA kì í dúró. Àwa tí a ní kànga epo rẹpẹtẹ nínú kọ̀ǹpútà, a kì í rí gálọ́ọ̀nù kan fún jẹnẹrétọ̀. Ìgbà kan wà tí ìyá ọ̀rẹ́ wa yọjú wo wa, ó gbọ́ tí ọ̀kan nínú wa ń pariwo pé òun ti ta epo òun ní mílíọ̀nù dọ́là. Màmá ní, “Ẹ̀yin olówó epo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá kerosíìnì ìgò kan kí n fi se ọbẹ̀.” Ẹnì kankan kò lè dá màmá lóhùn.

Bí wọ́n ṣe ń ta á

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ayò ta, ẹ ó tètè lóye rẹ̀. Nínú ayò, òpè máa ń wo ilé tó kún, á fi ìwọra gbé e. Ọ̀ta máa ń ka ọmọ inú gbogbo ilé, tirẹ̀ àti ti ẹnìkejì, kó tó gbọ́wọ́ sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni Oil Imperium. Kálukú máa ń ṣe tirẹ̀ nígbà tó bá kàn án: á ra ẹ̀tọ́ láti gbẹ́ ilẹ̀ ní apá kan ayé, á gbẹ́ kànga, á kọ́ táǹkì, á ta epo lọ́jà tàbí kó fọwọ́ sí kọ́ńtíráàtì pé òun yóò kó iye epo báyìí dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Lẹ́yìn náà, iye ọjà á yí padà, á sì kan ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n mú mẹ́rin nínú iṣẹ́ inú eré náà, kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé gbè é lẹ́sẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni kànga gbígbẹ́. Eré náà á fi irin ìgbẹ́lẹ̀ hàn ọ́ bó ṣe ń wọlẹ̀ lọ. Ìwọ lo máa fi ọwọ́ darí rẹ̀ kó má baà yà. Bó bá yà, owó ń jò. A kò mọ̀ nígbà náà pé ohun tí a ń fi ṣeré yìí, nítòsí ilé wa níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi ojú rí i ní Nàìjíríà. Ní 1908, iléeṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation, tí John Simon Bergheim jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ ilẹ̀ wá epo ní agbègbè Aráròmí, ní apá Òkìtìpupa. Wọ́n gbẹ́ ibí, wọ́n gbẹ́ ọ̀hún, epo tó tó tà kò jáde. Bergheim kú ní 1912. Ogun àgbáyé kìn-ín-ní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, iṣẹ́ náà sì dáwọ́ dúró. Ó di 1956 kí Shell-BP tó kan epo tó pọ̀ tó ọjà ní Olóíbírí, ní ibi tó di ìpínlẹ̀ Bayelsa lónìí. 1958 ni ọkọ̀ òkun kọ́kọ́ gbé epo rọ̀bì wa lọ sí òkè òkun. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: láti 1908 dé 1956 jẹ́ ọdún méjìdínláàádọ́ta. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òwò kan wà tí owó rẹ̀ ń jáde kíá, ẹ bi í léèrè pé ṣé ó ti gbẹ́ kànga rí.

Èkejì ni táǹkì. Nínú eré náà, kànga kì í dúró dè ọ́. Bó bá ti ń sun, ó ń sun. Bí o kò bá ní táǹkì tí o máa gbà á sí, iyekíye tí ọjà bá pè lo máa gbà. Ẹni tó ní táǹkì lè ní sùúrù, ẹni tí kò ní, ọjà ló ń dá sẹ̀ríà fún un. Mo máa ń rò pé àsọdùn ni eyí, àfìgbà tí ọdún 2020 dé. Ẹ rántí kòrónà. Ọkọ̀ òfuurufú kò fò mọ́, ọkọ̀ ilẹ̀ kò rìn mọ́, epo kò rí ẹni tó máa sun ún. Àwọn táǹkì ní Cushing, ní ìpínlẹ̀ Oklahoma ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń kó epo WTI jọ, ń kún lọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún yẹn, kọ́ńtíráàtì epo WTI ti oṣù karùn-ún parí sí dọ́là 37.63 nísàlẹ̀ òdo. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó ní epo ló wá ń sanwó fún ẹni tó máa bá a gbà á, nítorí kò ní ibi tó máa gbé e sí. Epo ṣì ni epo. Ibi ìgbépamọ́ ló wọ́n.

Ẹ̀kẹta ni páìpù. Wọ́n á kó oríṣiríṣi ègé páìpù fún ọ, èyí tó tẹ̀ àti èyí tó nà, wọ́n á ní kí o so wọ́n pọ̀ láti ibi kan dé ibi kejì kí àsìkò tó tán. Kò sí ẹ̀kọ́ púpọ̀ níbẹ̀ ju pé ègé kan ṣoṣo tí kò bá bá ara mu, gbogbo ìyókù di asán.

Ẹ̀kẹrin ni iná. Kànga lè gbiná. Bó bá gbiná, ìwọ fúnra rẹ lè lọ pa á, dínámáìtì lo sì máa gbé sún mọ́ ọn. Ẹ̀rín ni a fi rẹ́rìn-ín nígbà tí a kọ́kọ́ rí i. Ta ló ń fi ohun tó ń bú gbàù pa iná? Òótọ́ ni o. Bí dínámáìtì bá bú lórí kànga, agbára rẹ̀ á ya ọwọ́ iná kúrò lára epo, á sì gba afẹ́fẹ́ tí iná ń jẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ará Amẹ́ríkà kan tí wọ́n ń pè ní Red Adair ló di gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí. Kànga gáàsì kan ní aṣálẹ̀ Algeria gbiná ní oṣù kọkànlá 1961, ó ń jó títí di oṣù kẹrin 1962 kí Adair àti àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ tó fi dínámáìtì pa á. Ní 1991, tí àwọn ọmọ ogun Iraq ń sá kúrò ní Kuwait, wọ́n ti iná bọ kànga epo tó lé ní 600. Oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n tó pa èyí tó kẹ́yìn. Ohun tí wọ́n fi ọjọ́ díẹ̀ tàn, oṣù rẹpẹtẹ ni wọ́n fi pa á.

Ìránṣẹ́ ìkà

Ohun tí mo mẹ́nu kàn yìí ló gbé mi dé ibi tí mò ń lọ. Nínú Oil Imperium, iná kì í dédé ràn ní gbogbo ìgbà. Àyè wà nínú eré náà láti san owó fún àwọn ìránṣẹ́ ìkà kí wọ́n lọ ba iṣẹ́ ẹnìkejì rẹ jẹ́. O lè rán wọn kí wọ́n fi iná sí kànga rẹ̀.  Ohun tí òun máa rí ni pé kànga òun ń jó.

Mo fẹ́ sọ òtítọ́ fún yín. Èmi tí mo dúró yìí, n kò mọ irin ìgbẹ́lẹ̀ darí dáadáa, n kò sì ní sùúrù láti kọ́ táǹkì. Ìránṣẹ́ ìkà ni mo mọ̀ ọ́n rán. Bí ọ̀rẹ́ mi bá ti ń lówó jù mí lọ, mo ti rán wọn nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, mo fi iná sí kànga ẹnìkan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Ó mọ̀ pé èmi ni, nítorí pé mo ń rẹ́rìn-ín kí kọ̀ǹpútà tó sọ pé kànga rẹ̀ gbiná. Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi yan ara wa lódì. Màmá tó béèrè kerosíìnì lọ́jọ́sí ló pè wá jókòó, ó ní òun kò tíì gbọ́ ọ rí pé àwọn géńdé jà lórí epo tí kò sí.

Èyí tí n kò sọ fún màmá ni pé, lọ́jọ́ tí mo fi iná sí kànga lẹ́ẹ̀mẹta yẹn, èmi kọ́ ni mo jáwé olúborí. Ẹnìkẹta tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ń kọ́ táǹkì tirẹ̀, ló kó gbogbo ọjà lọ. Owó tí mo fi ń rán ìránṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ mi, kànga ọ̀rẹ́ mi ti jó. Àwa méjèèjì la jọ ṣòfò.

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Eré parí, wọ́n ṣí ilé ìwé, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìwà inú eré bá mi dàgbà. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, tí a ti níyàwó nílé, mẹ́ta nínú wa dá owó jọ, a bẹ̀rẹ̀ sí ta dísù fún àwọn tó ń lo jẹnẹrétọ̀ ńlá. A bá oníbúrẹ́dì kan ṣe àdéhùn pé a ó máa gbé dísù fún un ní iye kan náà fún oṣù mẹ́ta. Inú wa dùn. A kò ní táǹkì. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ là ń rà, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ là ń gbé e lọ. Èmi ni wọ́n fi sí ìdí rírà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, awakọ̀ tírélà kan ta mí lólobó pé iye dísù máa fò sókè ní ọjọ́ Ajé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló yẹ kí n ṣe? Kí n pe àwọn ẹnìkejì mi, ká wá owó jọ, ká rà sílẹ̀ fún oníbúrẹ́dì. N kò pè wọ́n. Owó tèmi ni mo fi ra dísù àgbá mélòó kan, mo gbé e pamọ́ sí àgbàlá àwọn àna mi. Ọjọ́ Ajé dé, iye fò sókè bí awakọ̀ ṣe wí. Òwò wa ń pàdánù lórí gbogbo lítà tí a gbé lọ fún oníbúrẹ́dì, èmi sì ń ta tèmi lábẹ́lẹ̀ ní iye tuntun. Ṣé ẹ rí i pé ìránṣẹ́ ìkà ni mo tún rán? Lọ́tẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni ìránṣẹ́ náà.

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ọ̀rẹ́ mi wá kí bàbá ìyàwó mi tí ara rẹ̀ kò yá. Ó rí àwọn àgbá yẹn. Ó wo àgbá, ó wò mí. Kò pariwo. Gbólóhùn kan ló sọ: “O tún ti fi iná sí kànga mi.” Ọdún mẹ́jọ ni a kò fi kí ara wa lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, nígbà tí a pe ìpàdé àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ yìí, igun yàrá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la jókòó sí. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin náà lẹ ní ẹ kò lè jọ wọ aṣọ kan náà lọ sí Ojúde Ọba kí méjì nínú yín máa kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ẹ pè wá síta, ẹ bá èmi wí, ẹ bẹ̀ ẹ́. Ní ọdún kejì ẹgbẹ́ ni mo san gbogbo owó rẹ̀ àti ti ẹnìkẹta wa padà. Ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí lónìí. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sọ ọ̀rọ̀ yìí síta. Ó ní, “Sọ ọ́, kí àwọn tó kù má baà rán ìránṣẹ́.”

Ẹni tó rí gbogbo rẹ̀

Eré kejì kan wà tí mo fẹ́ mẹ́nu kàn díẹ̀. Gbogbo ayé mọ SimCity, eré tí wọ́n fi ń kọ́ ìlú, tí Will Wright ṣe, tí iléeṣẹ́ Maxis sì gbé jáde ní 1989. Nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn, iléeṣẹ́ epo Chevron lọ bá wọn pé kí wọ́n bá àwọn ṣe irú rẹ̀ lórí iléeṣẹ́ ìfọpo àwọn ní Richmond, ní California. Ẹ̀ka Maxis kan tí John Hiles ń darí ló ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. SimRefinery ni orúkọ rẹ̀. Wọn kò tà á lọ́jà. Fún ọdún púpọ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ni àwọn ènìyàn ń gbọ́. Ní 2020, ẹnìkan mú díìsì rẹ̀ jáde láti ibi tó wà, wọ́n sì fi í sínú Internet Archive níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè rí i. Èmi náà wò ó nígbà tí kòrónà sé wa mọ́lé.

Ohun tó wú mi lórí ni ìdí tí Chevron fi fẹ́ ẹ. Wọn kò fẹ́ kó kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń wa ẹ̀rọ ìfọpo, eré kò lè ṣe ìyẹn. Nínú iléeṣẹ́ ìfọpo, kálukú ló mọ ibi tirẹ̀: ẹni tó wà nídìí ibi tí wọ́n ti ń gbé epo rọ̀bì kaná kí wọ́n lè ya bẹntiróòlù, kerosíìnì àti dísù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni tó wà nídìí táǹkì, ẹni tó ń kọ ìwé owó. Kò sí ẹni tó rí gbogbo rẹ̀ tán. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tó ń kọ ìwé owó lè rí i pé bí òun bá fi owó àtúnṣe kan falẹ̀, ibòmíràn ló máa dún. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo òṣìṣẹ́ rí ilé kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká ronú lé e. Lónìí, nítòsí wa ní Ìbẹ̀jú-Lékkì, iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote tí wọ́n ṣí ní 2023 wà, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ epo rọ̀bì 650,000 àgbá lóòjọ́. Bó ti tóbi tó yẹn, ohun tó lè dá a dúró kò ju ká ní ẹnu páìpù kan dí. Tiwa kéré púpọ̀ sí i. Ẹni kan kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ àdììtú fún ẹnìkejì nínú rẹ̀.

Ohun tí eré kò fi hàn

Kí n tó sọ èrò mi, ohun kan wà tí Oil Imperium fi pamọ́ fún wa. Nínú eré náà, ilẹ̀ tí o ń gbẹ́ kò ní ará. Kò sí apẹja, kò sí àgbẹ̀, kò sí ẹni tó ń bèèrè pé kí ló dé tí omi odò òun fi ń rùn. O ra ẹ̀tọ́, o gbẹ́ kànga, ó tán. Bẹ́ẹ̀, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1993 tí à ń ta eré yìí gan-an, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ará Ògóní jáde síta láti sọ pé epo ti ba ilẹ̀ àti omi àwọn jẹ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 1995, ìjọba ológun yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn. Àwa kò so méjèèjì pọ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn yẹn. Epo ojú kọ̀ǹpútà kì í rùn.

Gáàsì tí à ń sọ yìí ní ará àdúgbò. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò, kì í fò lọ sókè, ilẹ̀ ló máa ń wọ́ tẹ̀ lé, á kó sí gọ́tà àti kòtò títí yóò fi pàdé iná. Gáàsì fúnra rẹ̀ kò lóòórùn, ṣe ni wọ́n fi òórùn sí i kí ènìyàn lè mọ̀ pé ó ń jò. Ilẹ̀ tí wọ́n ń fi lọ̀ wá nítorí pé owó rẹ̀ fúyẹ́, ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi wà lẹ́yìn ògiri rẹ̀. Mo lọ wò ó fúnra mi. Mo gbọ́ ohùn àwọn ọmọ tí wọ́n ń ka ABD.

Èrò mi

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, n kò lòdì sí òwò gáàsì. Láti ìgbà tí iye nǹkan ti yí padà, àwọn ìyàwó wa mọ̀ pé oníbàárà rẹ̀ kò ní tán. Ohun mẹ́rin péré ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kí a tó dìbò.

Èkíní, ká wá ilẹ̀ mìíràn. Owó tó fúyẹ́ lórí ilẹ̀ yẹn kò tó ẹ̀mí ọmọ kan. Ká gba ìwé àṣẹ ìjọba pé pérépéré kí a tó gbé táǹkì wálé, ká má ṣe wá ẹ̀gbọ́n kankan tó máa bá wa “rí sí i”.

Èkejì, táǹkì ṣáájú oníbàárà. Ká má ṣe bá ilé oúnjẹ tàbí ilé ìwé kankan ṣe àdéhùn iye kan náà fún oṣù púpọ̀ nígbà tí a kò tíì ní ibi ìgbépamọ́ tiwa. Bí owó tó wà nílẹ̀ kò bá tó ra táǹkì tó dára kó sì ṣẹ́kù fún ìgbà tí ọjà bá dojú rú, ká dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ ní Aráròmí ní 1908 kò rí epo, ṣùgbọ́n epo wà nínú ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìdúró kì í ṣe àdánù.

Ẹ̀kẹta, kí ìwé owó wà ní gbangba. Kì í ṣe ìròyìn ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tí Akápò máa kà nígbà tí ebi bá ti ń pa wá. Oṣooṣù ni kó máa wá sórí fóònù gbogbo wa: iye tí a rà, iye tí a tà, iye tó kù nínú táǹkì. Kí ọmọ ẹgbẹ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù rí i bí èyí tó wà ní Ìmówó ṣe rí i.

Ẹ̀kẹrin, òun ló sì wúwo jù lọ́kàn mi. Ká kọ ọ́ sínú ìwé òfin ẹgbẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ tó bá mọ ohun kan tó kan òwò yìí, ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún, àti pé ẹni tó bá ta gáàsì tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀ lòdì sí ti ẹgbẹ́ yóò kúrò nínú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ẹ kò fọkàn tán ara yín. Ẹ kọ ọ́ nítorí irú èmi. Ọkùnrin tó gbé àgbá dísù pamọ́ sílé àna rẹ̀ kì í ṣe olè láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn. Ọ̀rẹ́ yín ni. Ó kàn rí àyè ni.

N kò ní pẹ́ mọ́, mo ti ń gbọ́ òórùn ìkọ́kọrẹ́. Mẹ́rin la jọ wà nínú yàrá ẹ̀yìn yẹn ní 1993. Ọ̀kan ti lọ bá Ọlọ́run, òun náà ló kó gbogbo ọjà lọ lọ́jọ́ tí mo fi iná sí kànga lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà wà ní Kánádà, ó fi owó aṣọ ẹgbẹ́ ránṣẹ́. Ẹni tó kù jókòó níwájú mi yìí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi, bí ẹgbẹ́ bá dìbò pé ká ṣe òwò yìí, mo bẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n fi ìwọ sí ìdí rírà, kí wọ́n fi èmi sí ìdí pípa iná.

Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́. Ohun tí a bá dáwọ́ lé yóò yọrí sí rere.